Ìwé tí Ìyá Àgbà Lù

Tíṣà Fọlá ló mú ìka mi. Mi ò tíì pé ọmọ ọdún mẹ́wàá, mo sì ṣẹ̀ṣẹ̀ fa àbúrò mi Rafiu dé ẹnu ọ̀nà kíláàsì rẹ̀ ni, bí mo ṣe máa ń fà á láràárọ̀ kí n tó sáré lọ sí kíláàsì tèmi. Ó ní, "Sikira, ìwọ tó o máa ń yọjú wò wá lójú fèrèsé yìí, wọlé wá. Di ojú rẹ." Mo dì í. Ó mú ìka ọwọ́ ọ̀tún mi tó tẹ̀lé àtàńpàkò, ó gbé e lé orí bébà kan tó ki bíi páálí, ó sì rọra ń fà á lọ sápá ọ̀tún. Nǹkan kéékèèké kan ń kọjá lábẹ́ ìka mi, bí ìgbà tí èèyàn bá to ọkà bàbà sí ìlà kan. Ó ní, "Kí lo bá níbẹ̀?" Mo ní, "Tíṣà, ó rí págunpàgun." Ó rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Orúkọ àbúrò rẹ lo fọwọ́ kọjá yẹn. Rafiu ni." Mo la ojú mi, mo wo bébà náà. Funfun báláú ni, kò sí tàdáwà kankan lára rẹ̀. Mo tún di ojú, mo fọwọ́ kàn án, ó tún wà níbẹ̀. Ọjọ́ yẹn ni nǹkan yìí mú mi. Mo ti di ìyá àgbà fúnra mi báyìí, kò sì tíì tú mi sílẹ̀.

Ilé wa ní Bẹyẹrúnká jẹ́ ọ̀kan nínú àwọn agboolé tí òrùlé páànù wọn kan ara wọn débi pé ológbò lè ti orí tiwa rìn dé ìdí òkè Mápó láì fẹsẹ̀ kan ilẹ̀. Aṣọ lílù ni iṣẹ́ àwọn obìnrin ilé wa. Bí àwọn aláró bá rẹ aṣọ tán, tí wọ́n sá a tó gbẹ, aṣọ náà á le gbagidi, á sì rún. Ọ̀dọ̀ wa ni wọ́n ń gbé e wá. Ìyá Àgbà, ìyá tó bí bàbá wa, á wọ́n omi sí i díẹ̀, á ṣẹ́ ẹ po lẹ́ẹ̀mẹrin, á tẹ́ ẹ sórí ìtì igi ńlá kan tó ti ń dán bí àwo tánganran nítorí ọ̀pọ̀ ọdún tó ti fi ń gba kùmọ̀. Òun á jókòó sápá kan, ìyá wa á jókòó sápá kejì, wọ́n á wá máa fi kùmọ̀ igi lù ú ní ìpàrọ̀, gbì-gbì, gbì-gbì, títí aṣọ náà á fi tẹ́jú tí á sì máa dán bí ojú omi. Aró ti wọ Ìyá Àgbà lọ́wọ́ débi pé àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ kò mọ́ mọ́. Ohunkóhun tó bá fọwọ́ kàn ní òwúrọ̀, ojú àtàńpàkò rẹ̀ á hàn níbẹ̀ bí òǹtẹ̀ ìjọba. Ọ̀rọ̀ kan wà tó máa ń sọ lójoojúmọ́: "Ohun tó bá ti ilé yìí jáde gbọdọ̀ tẹ́jú." Ó ń sọ ọ́ nípa aṣọ oníbàárà, ó ń sọ ọ́ nípa irun orí wa, ó ń sọ ọ́ nípa ìwà wa pẹ̀lú. Bí mo bá fẹ́ jáde pẹ̀lú aṣọ ilé-ìwé tó rún, á fa etí mi padà sínú ilé.

Èéyi ló gba ojú Rafiu nígbà tó wà lọ́mọ ọdún mẹ́ta. Nígbà tó fi máa pé ọdún méje, kò sí ibi tí kò mọ̀ nínú agboolé wa. Ó mọ igun tí ìkòkò omi wà, ó mọ ibi tí àgbò Bàbá ń dùbúlẹ̀ sí, ó sì mọ ẹni tó ń lu aṣọ láì béèrè. Bí mo bá fà á ti Ọjà'ba bọ̀, tí a bá ti dé orígun tí adì-ẹ̀kọ ń jókòó sí, á yọ ọwọ́ rẹ̀ kúrò nínú tèmi, á tẹ̀lé ìró kùmọ̀ Ìyá Àgbà wọlé tààrà, kò ní kọsẹ̀. Bàbá wa ń rán fìlà lọ́jà, ó sì fẹ́ràn ọmọ yìí gan-an. Ilé kéú ló fi í sí. Rafiu ti há ọ̀pọ̀ súrà sórí, àwọn àlejò a sì máa ní kó ké wọn, wọ́n á máa mi orí. Nígbà tí Tíṣà Fọlá wá sílé wa láti sọ fún wa pé ìjọba ti ṣí kíláàsì kan fún àwọn ọmọ tí kò ríran nínú ilé-ìwé wa, nísàlẹ̀ òkè Mápó, pé ìwé ọ̀fẹ́ ni, pé ìjọba ló sì rán òun fúnra òun lọ kọ́ iṣẹ́ náà, Bàbá fún un ní ìjókòó, ó fún un ní omi, ó sì dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹ̀yìn ìgbà tó lọ tán ni ìjà bẹ̀rẹ̀.

Bàbá ní, "Ìyá, kí ni afọ́jú fẹ́ fi ìwé wọn ṣe? Ẹ jẹ́ kó máa bá kéú rẹ̀ lọ. Ọlọ́run tí kò fún un lójú ti fún un lórí."

Ìyá Àgbà kò dá kùmọ̀ dúró. "Kéú dára. Ṣùgbọ́n ohun tí ẹlòmíràn bá kà sí i létí nìkan ló ń há. Lọ́jọ́ tí kò bá sí ẹni tó máa kà á sí i létí ńkọ́?"

"Wọ́n á fi ṣe yẹ̀yẹ́ láàárín àwọn ọmọ tó ríran."

"Bó bá jókòó sílé, wọ́n á ṣáà fi ṣe yẹ̀yẹ́. Kó kúkú jẹ́ ọ̀mọ̀wé tí wọ́n ń fi ṣe yẹ̀yẹ́."

Ìyá wa fi etí iborùn bo ẹnu, ó ń rẹ́rìn-ín. Bàbá fi fìlà rẹ̀ nu ojú. Ó ní, "Ó dáa. Kó lọ. Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá lé e padà wá, tójú tì í níta, ẹ̀yin lẹ rán an o. Ilé kéú náà ló máa padà sí, n kò sì ní gbọ́ ọ̀rọ̀ ìwé mọ́ nínú ilé yìí." Ìyá Àgbà ní, "Mo gbọ́." Gbì-gbì, gbì-gbì.

Bí ọdún yẹn ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn, ọdún tó dùn mọ́ mi jù nínú ayé mi. A máa ń jí kí ilẹ̀ tó mọ́ dáadáa, màá gbá àgbàlá, màá lọ to garawa wa nídìí ẹ̀rọ omi, a ó jẹ ẹ̀kọ gbígbóná pẹ̀lú àkàrà, lẹ́yìn náà màá mú Rafiu lọ́wọ́. Ọmọ márùn-ún ni wọ́n nínú kíláàsì Tíṣà Fọlá. Láàárọ̀ wọ́n ń kọ́ ìwé oníkókó tí wọ́n ń fi ìka kà, lọ́sàn-án wọ́n ń jókòó pẹ̀lú àwọn ọmọ tó ríran fún ìṣirò àti orin. Ohun èlò tí wọ́n fi ń kọ̀wé ni mo kọ́kọ́ fẹ́ mọ̀ délẹ̀délẹ̀, ẹ jẹ́ kí n sọ bó ṣe rí, nítorí mi ò mọ bí wọ́n ṣe ń sọ ọ́ lérèfé. Pátákó kan ni, tí irin pẹlẹbẹ méjì tó so pọ̀ bí ìlẹ̀kùn wà lórí rẹ̀. Irin òkè ní fèrèsé kéékèèké, ìlà mẹ́rin, méjìdínlọ́gbọ̀n lórí ìlà kọ̀ọ̀kan. Irin ìsàlẹ̀ ní kòtò mẹ́fà lábẹ́ fèrèsé kọ̀ọ̀kan, mẹ́ta lápá kan, mẹ́ta lápá kejì. Wọ́n á fi bébà sáàárín, wọ́n á mú irin ẹlẹ́nu ṣóńṣó kan tí ìdí rẹ̀ jẹ́ igi róbótó, wọ́n á máa gún bébà náà sínú kòtò. Bí ìlà mẹ́rin bá kún, wọ́n á sún irin náà sísàlẹ̀. Bí wọ́n bá yí bébà padà, kókó á ti yọ lẹ́yìn rẹ̀. Nítorí pé ẹ̀yìn ni wọ́n ti ń gún un, ọwọ́ ọ̀tún ni wọ́n ti ń bẹ̀rẹ̀, wọ́n á máa bọ̀ lápá òsì. Ọjọ́ tí Tíṣà yá Rafiu ní pátákó náà wálé, Bàbá dúró tì í, ó ń wò ó. Nígbà tó yá, ó ní, "Ọwọ́ ọ̀tún ló ti ń bẹ̀rẹ̀, bí ìgbà tí wọ́n bá ń kọ wàláà nílé kéú." Ó sì lọ gbé àga tirẹ̀ wá fún Rafiu pé kó jókòó dáadáa.

Èmi kò ní pátákó, ẹ̀pà ni mo fi kọ́ tèmi. Lẹ́tà A ni kókó kan ṣoṣo, lókè lápá òsì. L ni mẹ́ta lórí ara wọn lápá òsì, bí ọ̀pá. G ni mẹ́rin lókè, igun mẹ́rin pérépéré, mo máa ń pè é ní agboolé wa. Mo wá fẹ́ mọ iye ọ̀nà tí kókó mẹ́fà lè gbà tò. Mo jókòó sẹ́yìn ilé lọ́sàn-án ọjọ́ Sátidé kan, mo ń to ẹ̀pà sórí ilẹ̀, mo dé ogójì ó lé, ewúrẹ́ ará ilé kejì wá kó ìmọ̀ mi jẹ. Sátidé kejì ni mo tó rí i parí: mẹ́tàlélọ́gọ́ta. Mo sáré lọ sọ fún Tíṣà Fọlá ní ọjọ́ Ajé. Ó wò mí títí. Ó ní, "Ta ló sọ fún ọ?" Mo ní, "Ẹ̀pà ni, Tíṣà."

Nígbà tí ọdún ń parí lọ ni Tíṣà kó àwọn ọmọ rẹ̀ jọ. Mo wà lójú fèrèsé. Ó ní ọ̀gá kan ń bọ̀ láti ọ́fíìsì ìjọba ní Agodi ní ọjọ́ Ọjọ́rú. "Kì í ṣe gbogbo èèyàn níbẹ̀ ló gbà pé ẹ̀ ń kàwé. Àwọn kan ní ẹ kàn ń há ohun tí mo bá wí sórí ni, bí ẹ ṣe ń há kéú. Olúkúlùkù yín á kọ ojú ìwé kan fúnra rẹ̀, á sì kà á níwájú ọ̀gá yìí. Ẹni tó bá kà á, á bọ́ sí kíláàsì kejì láàárín àwọn tó ríran. Ẹni tí kò bá kà á, wọ́n á ní kó padà sílé." Nígbà tó di ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ó ti gún ojú ìwé tirẹ̀ tán, gbólóhùn mẹ́rìnlá, nípa ilé wa. Ó bẹ Tíṣà pé kó jẹ́ kí òun gbé e lọ han Ìyá Àgbà. Tíṣà gbà fún un. Nígbà tí a délé, Ìyá Àgbà ti lọ kí aboyún kan ní Oníyanrìn, Rafiu sì fi bébà náà sórí àpótí aṣọ rẹ̀ pé bó bá dé á rí i.

Ó rí i lóòótọ́. Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, lẹ́yìn ìrun àsùbá, èmi ń pọn omi sínú ìkòkò, Rafiu ń jẹ ẹ̀kọ rẹ̀ lórí àkàsọ̀. Ìró kùmọ̀ bẹ̀rẹ̀ nínú yàrá, kì í ṣe nídìí ìtì igi níta. Rafiu gbé orí sókè. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, aṣọ wo ni Ìyá Àgbà ń lù yẹn? Ohùn rẹ̀ fẹ́lẹ́." Mo ní, "Jẹun jàre, a ti fẹ́ pẹ́." Ìyá Àgbà jáde, ó ti fi aṣọ funfun mímọ́ di bébà náà, ó gbé e lé mi lọ́wọ́ bí ẹni gbé ẹyin. Ó ní, "Má jẹ́ kó rún mọ́ o. Ọjọ́ ńlá lòní. Ohun tó bá ti ilé yìí jáde..." Èmi àti Rafiu parí rẹ̀ fún un.

Ọ̀gá náà wọ ṣòkòtò péńpé funfun àti ìbọ̀sẹ̀ tó dé orúnkún. Ọmọ Ìbàdàn bíi tiwa ni, mo gbọ́ ọ lẹ́nu rẹ̀. Ó yẹ kí n ti wà ní kíláàsì mi, ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ mi kọ̀, mo dúró sójú fèrèsé. Ọmọ mẹ́ta kà, ẹ̀rù bà wọ́n, wọ́n ń dúró, wọ́n ń tẹ̀ síwájú. Ọ̀gá ń kọ nǹkan sínú ìwé rẹ̀, ojú rẹ̀ kò sì fi bẹ́ẹ̀ túra ká. Ó wá kan Rafiu.

"Kí lo kọ?"

"Ilé wa ni mo kọ nípa rẹ̀, sà."

"Ó dáa. Kà á."

Rafiu gbé ọwọ́ méjèèjì lé bébà. Ó fà wọ́n lọ sápá ọ̀tún. Ó dá wọn padà. Ó yí bébà náà, ó fọwọ́ pa ẹ̀yìn rẹ̀. Ó ní, "Sà, kò sí nǹkan kan níbí."

"Báwo ni kò ṣe ní sí nǹkan kan? Ṣebí ìwọ lo kọ ọ́?"

"Èmi ni, sà. Mo mọ ohun tó wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀. Mo lè wí gbogbo rẹ̀ látorí fún yín." "Ṣùgbọ́n kì í ṣe ìwé ni mo máa kà yẹn, sà."

Tíṣà Fọlá gba bébà náà, ó fọwọ́ kàn án, ojú rẹ̀ yí padà. Ọ̀gá náà gbà á, ó gbé e sókè síhà fèrèsé, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ kan imú mi. Mo rí ojú àtàńpàkò kan, búlúù, nígun ìsàlẹ̀. Ìró tó fẹ́lẹ́ yẹn padà wá sí mi létí, ẹnu mi sì la kí n tó rò ó: "Ìyá Àgbà ló lù ú!"

"Ta nìyẹn?"

Tíṣà ní, "Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ni, sà. Ẹ má bínú."

"Wọlé wá, ìwọ onífèrèsé. Kí ni ìyá àgbà lù?"

Mo wọlé, mo kúnlẹ̀. Mo ní, "Àwa la máa ń lu aṣọ ní Bẹyẹrúnká, sà. Ó rí i pé ìwé náà rí págunpàgun. Kò fẹ́ kí Rafiu gbé ohun tó rún wá síwájú yín."

Ọ̀gá wo bébà, ó wò mí, ó wo bébà. Ẹ̀rín bú jáde lẹ́nu rẹ̀, ó rín títí ó fi bọ́ awò ojú rẹ̀ láti nù ún. Ó ní ìyá òun náà kò jẹ́ kí òun wọ aṣọ tó rún rí. Lẹ́yìn náà ẹ̀rín kúrò lójú rẹ̀, ó yíjú sí Tíṣà. "Ọmọ tó bá kàn há a sórí, ṣé á mọ̀ pé ojú ìwé ti parẹ́? Á kàn máa wí lọ ni. Ẹ jẹ́ kí àwọn méjèèjì yìí jáde ná." Bí a ṣe ń jáde, mo rí i tó ń kọ nǹkan sórí ègé bébà kan, ó nà án sí Tíṣà pé kó gún un.

Níta, lábẹ́ igi, Rafiu di aṣọ mi mú. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, bí wọ́n bá lé mi, ẹ má sọ fún Ìyá Àgbà pé òun ló fà á o. Ẹ sọ pé mi ò mọ̀ ọ́n kà." Ọmọ ọdún mẹ́jọ ló sọ bẹ́ẹ̀. Mo kàn ń gbọ́ bí irin Tíṣà ṣe ń gún bébà nínú ilé, tó-tó-tó, mo sì ń ka iye ìgbà tó dún.

Wọ́n pè wá wọlé. Bébà tuntun wà lórí tábìlì. Rafiu nu ìka rẹ̀ mọ́ ṣòkòtò, ó gbé e lé e. Ó kà á, ọ̀rọ̀ kan lẹ́yìn òmíràn: "Ìyá Àgbà... ẹ kú iṣẹ́... ṣùgbọ́n ẹ má lu..." Ó dúró. Ẹ̀rín ti ń gùn ún. Ọ̀gá ní, "Tẹ̀ síwájú, kí ni wọ́n ò gbọdọ̀ lù?" Rafiu ní, "Sà, ẹ ní kí wọ́n má lu ìwé Rafiu mọ́!" Ó tún padà fọwọ́ kan orúkọ rẹ̀, bí ẹni tí kò gbà á gbọ́. Ọ̀gá pa ìwé rẹ̀ dé. Ó ní, "Kíláàsì kejì." Ó gba ojú ìwé àwọn ọmọ mẹ́ta àkọ́kọ́ náà padà, ó ní òun fẹ́ tún gbọ́ wọn, pé bóyá òun ni òun kò tẹ́tí dáadáa.

Mo ní kí a fi ọ̀rọ̀ náà pamọ́ nílé, ṣùgbọ́n ìwé ọ̀gá wà lọ́wọ́ Rafiu, ayọ̀ rẹ̀ kò sì jẹ́ kó lè mú sùúrù. Ó dúró láàárín àgbàlá, níwájú Bàbá àti ìyá wa àti Ìyá Àgbà, ó fi ìka kà á sókè. Kùmọ̀ dúró. Mi ò rántí ọjọ́ mìíràn tí kùmọ̀ Ìyá Àgbà dúró ní agbede méjì aṣọ. Ó gbọ́ àlàyé lẹ́nu mi láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Ó ní, "Èmi tí mo ní kó lọ, èmi náà ni mo fẹ́ fọwọ́ ara mi dá a padà." Omi bọ́ lójú rẹ̀. Bàbá tí a rò pé á rí ẹnu fọ̀ wá jókòó tì í. Ó ní, "Ìyá, ẹ ò rí i pé iṣẹ́ yín dára ni? Bí ẹ bá lù ú ní àlùwẹ́rẹ́, kókó díẹ̀ á ṣẹ́ kù, ọmọ á sì ṣì í kà." A bú sẹ́rìn-ín, òun náà rín nínú ẹkún.

Ó wá ní kí Rafiu gbé ìwé náà wá kí òun mọ ohun tí òun bàjẹ́. Ó gbé àtàńpàkò lé e. Ó ní, "N kò gbọ́ nǹkan kan." Kùmọ̀ ti sọ ọwọ́ rẹ̀ di igi. Ó ronú díẹ̀, ó gbé bébà náà sí ẹ̀rẹ̀kẹ́, ó rọra fà á. Ojú rẹ̀ là. Ó ní, "Háà. Rafiu, wọ́n ń sọ̀rọ̀." Láti ọjọ́ yẹn, ohunkóhun tí Rafiu bá kọ, ẹ̀rẹ̀kẹ́ Ìyá Àgbà ló kọ́kọ́ ń kàn. Ó sì ń bi àwọn aláró tó bá wá bóyá wọ́n ti rí ìwé tí kò gbọdọ̀ tẹ́jú rí.

Rafiu ti fẹ̀yìntì lẹ́nu iṣẹ́ tíṣà báyìí, ó sì máa ń wá jẹun lọ́dọ̀ mi ní ọjọ́ Jímọ̀. Ojú ìwé tí Ìyá Àgbà lù wà lọ́wọ́ mi, nínú aṣọ funfun kan náà. Rafiu ní òkú ìwé ni, ìka òun kò bá nǹkan kan níbẹ̀, òun kò sì rántí ohun tí òun kọ mọ́. Ṣùgbọ́n mo ti ṣàwárí pé kókó tí wọ́n bá lù kì í kú tán. Bí oòrùn ìrọ̀lẹ́ bá gba ẹ̀gbẹ́ wọlé, tí mo sì tẹ́ bébà náà sójú fèrèsé ní ìdàgẹ̀rẹ̀, òrùka kékeré kan á hàn níbi tí kókó kọ̀ọ̀kan ti wà rí, bí ojú òjò lórí erùpẹ̀. Ìrọ̀lẹ́ díẹ̀ ní ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn nìkan ni ìmọ́lẹ̀ náà máa ń dára tó. Mo fi awò ńlá wò ó, mo ń fi ẹ̀pà tò ó sórí tábìlì, mo sì ń kọ ọ́ sílẹ̀. Gbólóhùn kìíní sọ pé ilé wa ní ariwo púpọ̀. Ìkarùn-ún sọ pé ìyá wa ń lu aṣọ kíákíá, Ìyá Àgbà ń lù ú jẹ́jẹ́. Ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá, lẹ́yìn ìrọ̀lẹ́ mẹ́fà, ìkọkànlá yọjú, mo sì kà á fún Rafiu nídìí oúnjẹ: "Bí Ìyá Àgbà bá dákẹ́, mi ò ní mọ ibi tí ilé wa wà."

Rafiu gbé ṣíbí sílẹ̀. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, mélòó lẹ ti rí báyìí?"

Mo ní, "Mọ́kànlá nínú mẹ́rìnlá. Ó ku mẹ́ta."